Síkáànì Orí: Ohun Tí Ẹ̀rọ Ń Rí Nínú Ọpọlọ, Ohun Tí Kò Rí

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí aláìsàn ń bi àwa tí a wà nídìí ẹ̀rọ kò pọ̀ ní oríṣi. Ẹnu tí wọ́n fi ń bi í ló ń yàtọ̀. Ẹnì kan á ní kí a bá òun wò ó bóyá ìyá òun ti ń ṣarán. Ẹlòmíràn á fà mí sí kọ̀rọ̀, á ní kí n bá òun wo ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Mo kó wọn jọ síbí. Bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn níta yàrá ẹ̀rọ ni mo ṣe dáhùn wọn, àfi pé níbí kò sí ẹni tó ń ké pè mí pé aláìsàn mìíràn ti ń dúró.

Ṣé ẹ́síréè lásán kò lè fi inú orí hàn ni?

Agbárí ni yóò fi hàn yín. Bí egungun bá sán, ẹ́síréè á rí i. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ìtànṣán ẹ́síréè sì ń gbà á kọjá láìfi àmì tí ojú lè mú sílẹ̀.

Láti ìgbà tí Wilhelm Röntgen ti rí ìtànṣán yìí ní Jámánì lọ́dún 1895 ni àwọn dókítà ti ń wá ọgbọ́n dá sí egungun orí. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1918 sí 1919, Walter Dandy fa omi inú ọpọlọ aláìsàn jáde, ó fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó wá ya ẹ́síréè, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń yọ gedegbe nínú àwòrán. Ẹ̀fọ́rí tí èyí ń fà kì í ṣe kékeré. Ní 1927, Egas Moniz ní Lisbon fi oògùn kan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn gòkè, àwọn iṣan orí sì yọ nínú àwòrán bíi gbòǹgbò igi. Ipasẹ̀ àìsàn nìkan ni wọ́n ń rí o. Wọ́n á wo bí iṣan tàbí omi ṣe yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá méfò pé kókó ló ń tì í.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT wo orí aláìsàn. Godfrey Hounsfield ló ṣe ẹ̀rọ náà, ní EMI, ilé iṣẹ́ kan náà tó ń gbé àwo orin jáde. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ìtànṣán má wá láti ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ mọ bí iṣu inú ebè ṣe tó láìwú u, á yí ebè náà po, á máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ wò níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe ń yí orí ká, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò ohun tó wà láàárín. Allan Cormack, ọmọ South Africa, ti ṣe ìṣirò náà sílẹ̀ ṣáájú, òun àti Hounsfield sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979.

CT àti MRI, èwo ló dáa jù?

Àdá àti ọkọ́, èwo ló dáa jù?

CT yára, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sínú orí máa ń funfun báláú nínú rẹ̀, egungun tó fọ́ náà á hàn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ òun ni à ń kọ́kọ́ sáré gbé ẹni tí ọkọ̀ kọlù tàbí ẹni tó ṣubú lójijì lọ síbẹ̀.

MRI kò lo ẹ́síréè rárá. Òòfà ńlá ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1.5 tàbí 3 tesla (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára òòfà), ó sì ju agbára òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20,000. Omi ló pọ̀ jù nínú ọpọlọ, háídrójìn sì wà nínú omi. Òòfà á mú kí àwọn háídrójìn yẹn tò sójú kan. Ẹ̀rọ á fi ìgbì rédíò gbá wọn, wọ́n á yẹ̀. Bí wọ́n ti ń padà sí ààyè wọn, wọ́n á dá ohùn padà. Ohùn yẹn ni kọ̀ǹpútà ń sọ di àwòrán. Paul Lauterbur kọ ọ́ jáde ní 1973 pé a lè fi ọ̀nà yìí ya àwòrán, Peter Mansfield sì mú kí ó yá sí i; àwọn méjèèjì gba Nobel ní 2003. Ohun tó rọ̀ ni MRI mọ̀ wò jù: apá funfun àti apá aláwọ̀ eérú inú ọpọlọ, ojú ọgbẹ́ àtijọ́, kókó kékeré, apá tó ti ń rún. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, ó lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sì ń pariwo bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ mẹ́ta bá ń lu irin pọ̀.

Bàbá wa ṣubú, apá òsì kò gbé mọ́. Kí ló dé tí wọ́n ní kí a ya àwòrán ná kí wọ́n tó fún wọn ní oògùn?

Nítorí pé rọpárọsẹ̀ méjì ló wà, ojú kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá. Nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan, oúnjẹ kò dé apá kan ọpọlọ mọ́. Nínú èkejì, iṣan ló bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya sínú ọpọlọ. Ẹnu á wọ́ nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ á lọ́, apá á kú. Kò sí dókítà, bó ti wù kó gbọ́n tó, tó lè fi ọwọ́ lásán yà wọ́n sọ́tọ̀ kó sì dá a lójú. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì lè gba ẹni àkọ́kọ́ là. Bí ẹ bá fún ẹnì kejì, ẹ ti pa á nìyẹn.

Oògùn yẹn ní àkókò: wákàtí 4.5 ni, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni rí aláìsàn gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá. Bí ó bá sùn tó sì jí pẹ̀lú rẹ̀, láti ìgbà tó sùn ni a ó ti máa kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí aago. Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó ń rí dáhùn nìyí, torí gbogbo ilé ló ti ń sáré wá omi àti òróró.

Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé "CT kò fi nǹkan hàn", ẹ má bínú pé owó yín ti ṣòfò. Ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, iṣan tó dí kì í sábà tíì hàn nínú CT. Ohun tí dókítà ń gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tú, ó sì lè tẹ̀ síwájú. MRI ní irú àwòrán kan tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ. Ìyẹn lè fi ibi tó ń kú hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí tó gbé èyí wá sí ilé wa ni SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Bruce Ovbiagele léwájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n kó ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú jọ, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wé ẹnì kan tí kò mú. Wọn kò ka ẹnikẹ́ni mọ́ aláìsàn láìjẹ́ pé CT tàbí MRI ti jẹ́rìí sí i. Nínú èsì tó jáde ní 2018, nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣan wọn dí, ìdá 32 ni iṣan wọn bẹ́. Inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ì bá wà bí kò bá sí àwòrán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó fà á. Iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì wà níbẹ̀, ẹran àjẹjù wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà sì wà níbẹ̀. Mo ti sọ ti ẹ̀fọ́ yìí fún àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n wò mí bí ẹni pé ìyàwó wọn ló rán mi.

Màmá ń gbàgbé nǹkan. Ṣé síkáànì lè sọ bóyá arán ni?

Àgbà tó gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tó wá rántí lẹ́yìn wákàtí kan, ọjọ́ orí ló ń bá a ṣeré. Ẹni tó jẹun tán tó tún ń bèèrè oúnjẹ, tó ṣìnà lójú ọ̀nà ilé tó ti ń gbé láti ogún ọdún, ìyẹn ni kí ẹ mú wá.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wá nínú síkáànì irú wọn ni ohun tó ṣeé wò sàn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Bàbá àgbà yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, orí gbá ògiri. Wọ́n fi róòbù pa á, ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan, ó ń sùn ṣáá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Gbogbo ilé ní arán ti dé. Iṣan tín-ín-tín kan ló já láàárín agbárí àti ọpọlọ lọ́jọ́ ìṣubú yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ ń ro síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú CT, á rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbárí. Oníṣẹ́ abẹ á lu ihò kékeré sí agbárí, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì padà mọ orúkọ ọmọ wọn. Irú èyí kejì ni omi tó pọ̀ jù nínú ihò ọpọlọ: ẹsẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹni pé gọ́ọ̀mù wà lábẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ kò ní ṣeé mú dúró mọ́, iyè á máa ra. Òun náà ní iṣẹ́ abẹ tirẹ̀. Àwọn ìdí mìíràn wà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń mú wọn, bí àìtó fítámì B12.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, a ó wo bí ọpọlọ ṣe rún sí. Apá kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé pẹ̀lú etí, hippocampus ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ọ̀nà tí ohun tuntun ń gbà wọ iyè nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Henry Molaison, tí wọ́n gé apá yìí kúrò lórí rẹ̀ ní Hartford, Amẹ́ríkà, ní 1953 nítorí wárápá. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní 2008, ẹni tó bá kí i láàárọ̀ gbọ́dọ̀ tún sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un lọ́sàn-án. Nínú àrùn Alzheimer, irú arán tó wọ́pọ̀ jù, ibẹ̀ wà lára ibi tó kọ́kọ́ máa ń rún, MRI sì ń rí i.

Ṣùgbọ́n rírún nìkan kò tó láti dá ẹjọ́. Dókítà Alois Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, pàdé aláìsàn kan, Auguste Deter, ní Frankfurt, Jámánì, ní 1901. Ìgbà tí obìnrin náà kú ní 1906 ni ó tó rí ìdọ̀tí tó ṣù pọ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ikú ni ọ̀rọ̀ tó ń dáni lójú máa ń dé. Ìgbà tó di 2004 ni àwọn olùwádìí Pittsburgh ní Amẹ́ríkà àti Uppsala ní Sweden gbé èsì jáde nípa oògùn kan tí wọ́n fà sí iṣan aláìsàn tó ṣì wà láàyè, tó lọ lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí náà, amyloid, tí ẹ̀rọ PET, tó ń wo ibi tí oògùn onítànṣán bá lọ nínú ara, sì rí i. Oògùn PET ní ìtànṣán nínú, kì í sì í pẹ́ kó tó ṣá. Èyí tí wọ́n fi èròjà onítànṣán tó ń jẹ́ fluorine-18 ṣe, ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín ìṣẹ́jú 110. Ẹ fi ìyẹn wo sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó mọ ìdí tí PET kò fi lè jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń po oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta síkáànì fún olówó kì í sọ: àgbà tí iyè rẹ̀ pé pérépéré lè ní amyloid nínú ọpọlọ. Àwòrán náà ní láti bá ìtàn aláìsàn mu kó tó di àrùn.

Wọ́n ní Alzheimer kì í ṣe Yorùbá. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Láti 1992, àwọn olùwádìí Ìbàdàn, tí Benjamin Osuntokun àti Adesola Ogunniyi wà lára wọn, àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú Hugh Hendrie àti Kathleen Hall, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè: Yorùbá ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn, àti àwọn Adúláwọ̀ ní Indianapolis. Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún ọ̀mọ̀wé kò ṣeé gbé síwájú ìyá tó ń fi ọjà ọrọọrún ka ọjọ́, nítorí náà wọ́n gbé ìbéèrè kalẹ̀ tó bá ilẹ̀ méjèèjì mu. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, àwọn tí Alzheimer tuntun ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis.

Ó kéré sí tọ̀hún ni, kò ṣàìsí. Àwòrán amyloid kò sì tíì sí láyé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tó wà níwájú báyìí ni ohun tó wà nínú ọpọlọ àwọn arúgbó wọ̀nyẹn gan-an: ṣé ìdọ̀tí náà ni kò sí, àbí ó wà tí nǹkan mìíràn ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè ẹnu kò lè dáhùn ìyẹn.

Ọmọ mi ní wárápá, ṣùgbọ́n síkáànì ní kò sí nǹkan. Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti ọsibítù nìyẹn?

Ti ọsibítù ni. Wárápá jẹ́ ìjì iná nínú ọpọlọ, MRI sì jẹ́ àwòrán ilé. Ilé lè dúró digbí kí wáyà inú rẹ̀ máa ta iná. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ iná yẹn ni EEG, tí Hans Berger kọ́kọ́ fi gba ìró ọpọlọ ènìyàn ní Jena, Jámánì, ní 1924: wọ́n á lẹ àwọn wáyà kéékèèké mọ́ awọ orí, wọn kò ní fi iná kankan sí i lára. EEG náà lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, nítorí ìjì kò jà lọ́jọ́ náà. Ohun tí MRI ń wá fún oníwárápá ni àpá: hippocampus tó ti le, ibi tí ọpọlọ kò tò dáadáa, kókó, tàbí ọmọ aràn ẹlẹ́dẹ̀ tó rìn dé orí. Bí ó bá rí ọ̀kan lójú kan pàtó, iṣẹ́ abẹ lè wá ràn án lọ́wọ́.

Itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ kò lè ràn yín. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Orí ọmọ ìkókó mi ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé wọ́n á ki í bọ inú ẹ̀rọ ńlá yẹn?

Ó lè má di bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì dì, ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wo aboyún lè gba ibẹ̀ wo omi inú ọpọlọ rẹ̀. Kò ní ìtànṣán, kì í pariwo, ọmọ lè máa mu ọmú lọ́wọ́. Ẹ tètè lọ kí àwùjẹ̀ tó pa dé.

Ṣé ẹ lè fi síkáànì mọ wèrè, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀?

A kò lè fi mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè yìí ni mo ti ń rí ẹni tó ná owó jù.

Ní 1976, Eve Johnstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Northwick Park, Lọ́ńdọ̀nù, fi CT wo àwọn aláìsàn 17 tí schizophrenia, irú wèrè kan, ti bá fínra fún ọdún gbọọrọ. Ihò omi inú ọpọlọ wọn fẹ̀ ju ti àwọn tí ara wọn dá. Ìròyìn ńlá nìyẹn, torí ó fi hàn pé àìsàn yìí fọwọ́ kan ọpọlọ gan-an, pé kì í ṣe ìwà burúkú tàbí ẹ̀bi ìyá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín agbo méjì ni. Ọkùnrin ga ju obìnrin lọ lápapọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá kàn gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ga tó, ẹ kò lè fi ìyẹn búra pé ọkùnrin ni. Ihò omi ẹlòmíràn fẹ̀, orí rẹ̀ sì pé. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, ẹnu, etí àti sùúrù dókítà ni à ń fi mọ àwọn àìsàn wọ̀nyí. Bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe síkáànì, ó fẹ́ rí i dájú pé kì í ṣe kókó tàbí kòkòrò àrùn ló ń dà bí wèrè ni.

Ní ti ẹni tó ní kí n wo ọ̀tá nínú àwòrán: orúkọ ilé ìwòsàn, orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ orí rẹ̀ ló wà lára fíìmù, orúkọ ọ̀tá kò sí níbẹ̀.

Ṣé ẹ̀rọ yín lè ka èrò ọkàn?

Ní 1990, Seiji Ogawa fi hàn pé MRI lè dá ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Apá ọpọlọ tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún. Òun ni wọ́n ń pè ní fMRI, òun ló ni àwọn àwòrán aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá dúró lórí òkè tí ẹ rí i pé gbogbo ọlọ́kadà ń ya lọ sí àdúgbò kan, ẹ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bóyá ìgbéyàwó ni tàbí ìsìnkú, ọ̀kadà kò lè sọ fún yín.

Ó sì ṣeé fi tan ara ẹni jẹ. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òkú ẹja salmon sínú ẹ̀rọ, wọ́n ń fi fọ́tò ènìyàn hàn án. Bí wọ́n ṣe ṣírò èsì rẹ̀ láìṣe àtúnṣe tó yẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú tí ẹ̀rọ ń wò lẹ́ẹ̀kan, ọpọlọ òkú ẹja tan iná. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìgbà náà ni àwàdà yẹn ba lójú jẹ́. Ní 2022, Scott Marek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé bí a bá fẹ́ so ìrísí ọpọlọ mọ́ ìwà tàbí ọgbọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn la nílò. Ènìyàn ogún kò tó.

Síbẹ̀ mi ò lè pè é ní eré. Ní 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge sọ fún ọmọbìnrin kan tó ti wà ní ìdákú láti ìgbà tí ọkọ̀ ti kọlù ú, tí kì í dáhùn ohunkóhun, pé kó fi ọkàn gbá tẹ́níìsì. Apá ọpọlọ tó ń darí ìrìn ara dáhùn bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Wọ́n ní kó fi ọkàn rin inú ilé rẹ̀ kiri, apá mìíràn dáhùn. Ó ń gbọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò yìí, fMRI tàbí EEG, fún ènìyàn 241 tí kò lè fi ara jẹ́ àṣẹ, tí èsì sì jáde ní 2024, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló dáhùn nínú ọpọlọ. Láti ìgbà tí mo ti kà á, mo máa ń kí aláìsàn tí kò mọ ara rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí n tó wọ yàrá MRI?

Gbogbo irin. Òòfà náà ń fa kọ́kọ́rọ́, sísọ́ọ̀sì àti sílíńdà ọ́síjìn bí òkò. Fóònù, káàdì báńkì, aago ọwọ́, yẹtí, kọ́mú tó ní wáyà, wíìgì tó ní kílíìpù, pín-ìnnì inú irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí wọ́n fi wáyà sín: ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Àtíkè ojú mìíràn ní èròjà irin nínú, á ba àwòrán jẹ́ nítòsí ojú. Ońdè àti ìfúnpá náà ńkọ́? Ẹ sọ fún wa, a kò ní rẹ́rìn-ín. Mi ò ní bèèrè ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀. Bóyá irin wà níbẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ mọ̀.

Ohun tí kò ṣeé bọ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà, ọdẹ tí ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀, wẹ́dà tí irin wẹ́wẹ́ ti ta sí lójú rí, gbogbo wọn ni kí ó sọ ṣáájú. Bí àyè tó há bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ wí. Wọ́n á fún yín ní bọ́ọ̀lù kékeré kan láti fún bí ẹ bá fẹ́ jáde.

Ṣé ìtànṣán rẹ̀ kò ní ba ọpọlọ jẹ́? Aboyún ńkọ́?

MRI kò ní ìtànṣán ẹ́síréè. CT orí kan jẹ́ nǹkan bí 2 mSv (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìtànṣán tó wọ ara), tó sún mọ́ ohun tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún olúkúlùkù láàárín oṣù mẹ́jọ. Kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù nítorí ẹ̀fọ́rí, ọmọdé pàápàá jù. Aboyún gbọ́dọ̀ sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá le, a ṣì lè ṣe CT orí, nítorí orí jìnnà sí ikùn.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Òòfà MRI kì í sùn. Bí NEPA mú iná lọ, òòfà wà níbẹ̀, ó ṣì lè fa sílíńdà. Wáyà inú rẹ̀ wà nínú helium, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n sọ di omi, tó tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ̀rọ tó ń mú kó tutù ló nílò iná. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, helium á máa fẹ́ lọ, helium sì wọ́n ju epo jẹnẹrétọ̀ lọ. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí MRI fi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Láti 2020 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí èyí tí ilé iṣẹ́ Hyperfine ṣe, 0.064 tesla péré, tí wọ́n ń tì lórí táyà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò nílò helium, tó ń lo iná ara ògiri. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá omi inú ọpọlọ ọmọdé kò nílò kó mọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá fi ara mi sílẹ̀ fún ìwádìí ọpọlọ, mi ò sì ní àìsàn. Ṣé kí n lọ?

Èmi á ní kí ẹ lọ, torí pé orí ènìyàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ayé ń pè ní ọpọlọ tó pé. Nínú EEG, irun wa pàápàá ti jẹ́ ìdí tí wọ́n fi ń yọ ènìyàn kúrò: wáyà kì í dé awọ orí. Ní Carnegie Mellon, Pittsburgh, Arnelle Etienne, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ṣe ìdè wáyà kan tó ń jókòó sáàárín ìlà irun dídì. Ẹni tó bá ti di kólẹ́sẹ̀ rí á mọ̀ pé ojú ìlà yẹn ni awọ orí ti ń hàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè ohun kan: bí ẹ bá rí nǹkan tí ẹ kò wá, ta ni yóò sọ fún mi? Ní Rotterdam, ilẹ̀ Netherlands, nígbà tí wọ́n wo ènìyàn 2,000 tí wọ́n ti pé ọdún 45 sókè, ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní rọpárọsẹ̀ kékeré tí kò fara hàn rí, ìdá 1.8 ní iṣan tó wú. Ẹlòmíràn á fẹ́ mọ̀, ẹlòmíràn kò ní fẹ́.

Kí ni kí n mú dání lọ́jọ́ síkáànì?

Ìwé dókítà tó sọ ohun tí ó ń wá, torí "síkáànì orí" lásán kò jẹ́ kí a mọ ibi tí a ó tẹjú mọ́. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn, tó mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Àti fíìmù tàbí CD àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ìwé èsì nìkan o, àwòrán náà gan-an. Ọpọlọ tó kéré lónìí lè jẹ́ bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn; ti àtijọ́ yẹn nìkan ló lè sọ fún wa bóyá ó ti ń rún.